Láti Plateau dé Plateau: Ìwé Ètò Ìrìnàjò Wa

Ìdájí ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi tutù bí ẹni pé inú fíríìjì ni wọ́n ti gbé e wá, mo sì ń fi ìwé kíkọ sún ìwẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ní Nàìjíríà ò ní òtútù, kó wá wẹ̀ ní hóstẹ́ẹ̀lì wa lóṣù Kejìlá. Orí òkè tó fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ ni ìlú Jos wà. Nígbà ọyẹ́, òru ibẹ̀ lè bọ́ sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà míì á tún dín. Ètè á là, gìgísẹ̀ á sán.

Àwa ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní ti Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n. Tí ọyẹ́ bá ti dé, orúnkún wọn méjèèjì á le gbagidi. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé pálọ̀ á wá di ìrìnàjò. Síwẹ́tà méjì, ìborùn kan, ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi, síbẹ̀ wọ́n á máa gbọ̀n.

Ìdí nìyí tí bàbá mi fi sọ nígbà ìsinmi tó kọjá pé, "Kérésì ọdún yìí, a ò ní jókòó sínú òtútù yìí. A máa wa mọ́tò wa lọ síbi tó móoru. A máa kọjá bọ́dà." Wọ́n wá fi ìwé ẹ́sásáìsì tuntun kan lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni akọ̀wé. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, a ò ní ṣe é."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo ti kọ ọ́ tán: Jos sí Lọ́kọ́ja, Lọ́kọ́ja sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Badagry, ká gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, Kutonu, Wídà, Grand-Popo, títí dé Lomé ní Tógò. Ọjọ́ mẹ́fà la máa lò létí òkun. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tá a bá ti wọ Tógò, ká dá aago ọwọ́ wa padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí aago Bẹ̀nẹ̀ bá tiwa mu, ti Tógò ò bá a mu. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, mo kọ ọ́ pé: "Kétu, ọjọ́ kan, kí Màmá àgbà lè kí àwọn ẹbí."

Nígbà tá a lọ fún ìsinmi àárín táàmù, mo ka ètò náà sókè ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ní kí n tún ibi tí owó wà kà. Màmá àgbà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Tún ibi Kétu kà fún mi." Mo tún un kà.

"Ọjọ́ kan," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi, ọjọ́ kan ò tó mi kí àwọn tó wà láàyè, ká má tíì sọ àwọn tó ti lọ." Wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Bàbá mi ló sọ ìyókù fún mi. Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n bí Màmá àgbà sí, ṣùgbọ́n Kétu ni agboolé bàbá wọn wà. Láyé àtijọ́, abẹ́ Alákétu ni ìlú méjèèjì wà. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fọwọ́ síwèé bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ náà, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Síbẹ̀, nígbà tí Màmá àgbà wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti Ìmẹ̀kọ lọ kí àwọn ará ilé bàbá wọn, ẹrù lórí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ṣòwò ní Jos, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣe nígbà náà. Bí wọ́n ṣe dé orí òkè tó tutù yìí nìyẹn. Ó ti lé ní 50 ọdún.

Àbúrò wọn ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù ní Kétu. Lọ́dún 2019, Màmá àgbà ra aṣọ òkè fún un, wọ́n sì di ẹrù láti lọ kí i. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ìjọba ti àwọn bọ́dà orí ilẹ̀. Bàbá mi ní ká ṣe sùúrù, wọ́n á ṣí i láìpẹ́. Kí wọ́n tó ṣí i, kòrónà dé. Àbúrò wọn kú lọ́dún 2020. Orí fóònù ni Màmá àgbà ti gbọ́ bí wọ́n ṣe sin ín. Ìjọba ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó ṣí Ìdìrókò ní oṣù Kẹrin 2022, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ kí ò sí níbẹ̀ mọ́. Báàgì kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wọn tí èmi àti àbúrò mi máa ń gbé sílẹ̀ ṣe ìrọ̀rí tá a bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ òkè yẹn ló wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọn ò bá wa wí rí.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Inú mi ò kọ́kọ́ rọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi ní hóstẹ́ẹ̀lì pé Lomé là ń lọ, mo sì ti mọ irú fọ́tò tí mo fẹ́ yà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé òkú ò kúkú ní mọ iye ọjọ́ tá a lò. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń dijú kiri inú ilé. Bàbá mi ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ ṣírò owó ẹ̀ dáadáa, kó o tún wò ó."

Mo jókòó, mo ṣírò. Sienna wa máa ń mu nǹkan bíi lítà 12 lórí 100 kìlómítà. Tá a bá fi 1,200 kìlómítà ṣe àlọ nìkan, lítà 144 nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí owó epo dà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù Karùn-ún 2023. Lomé tún jìn sí i, a tún máa kọjá bọ́dà kejì, a tún máa san owó òtẹ́ẹ̀lì yàrá méjì fún alẹ́ mẹ́fà. Ní Kétu, ilé ẹbí là ń sùn. Owó tó wà nílẹ̀ ò lè ṣe méjèèjì. Mo ronú lórí òwe kan tá a kọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí: àjò kì í dùn kí onílé má rele. Mo ti sọ ọ́ lórí ìdúró níwájú gbogbo yín rí, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí òwe náà ń bá wí wà nílé wa. Mo mú báírò, mo fa ìlà gba orí Lomé.

Ètò tuntun bẹ̀rẹ̀. Ìwé ló ṣòro jù. Láti 1979 ni ECOWAS ti ní àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láì gba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Mo rò pé a kàn máa gbéra ni. Rárá o. Wọn ò bèèrè físà, ṣùgbọ́n wọ́n ń bèèrè pásípọ́ọ̀tù. Ti àbúrò mi ti kọjá ọjọ́. Màmá àgbà ò ní in rí. Wọ́n kọ́kọ́ lọ búra ọjọ́ orí, torí nígbà tí wọ́n bí wọn, ta ló ń gba ìwé ìbí? Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi tí orúnkún ń dùn, kí ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín?" Gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín dípò wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì yẹ́lò. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, káàdì náà ò sì ní jẹ́ títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Tí mo bá dúró kí ilé ìwé tó parí, ó ti pẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi wá gba exeat fún mi lọ́jọ́sí, tẹ́ ẹ rò pé mo lọ jẹ ìrẹsì òde. Apá mi ló wú wálé. Ti mọ́tò náà tún wà lọ́tọ̀: ìwé ọkọ̀, ìwé àṣẹ awakọ̀, àti ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, torí tí mọ́tò wa bá ṣe ẹnì kan léṣe lókè ọ̀hún. Mẹkáníìkì ti wo bíréèkì, ó sì ti pààrọ̀ táyà méjì.

Ìyá mi ò bèèrè ìwé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ọ̀nà ńkọ́?" Gbogbo wa tá à ń gbé apá ibí la mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí. Èsì bàbá mi wà lójú ewé kan lọ́tọ̀. A ò ní jáde kí kùrukùru ọyẹ́ tó ká nílẹ̀. Alẹ́ ò gbọdọ̀ bá wa lójú ọ̀nà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ti dúró. Lójoojúmọ́, a máa kọ́kọ́ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà iwájú ṣe rí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e sórí WhatsApp. Nítorí náà ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọjọ́ tá a máa gbéra síbí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi pín in. Ọjọ́ kìíní, Akwanga, Keffi, Àbújá, ká sùn ní Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ la ti máa bọ́ síwẹ́tà. Ọjọ́ kejì, Kàbà, Ọmùò, Adó-Èkìtì, Iléṣà, ká sùn lọ́dọ̀ àǹtí wa ní Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹta, Abẹ́òkúta, Ìláròó, Ìdìrókò, ká kọjá sí Ìgòlò, Sákétẹ́, Pobẹ̀, ká wọ Kétu. Awakọ̀ tó le lè ṣe é ní ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n orúnkún Màmá àgbà ló ń wa ọkọ̀ yìí. Lẹ́yìn wákàtí méjì méjì a máa dúró kí wọ́n na ẹsẹ̀. Wọ́n bi bàbá mi pé kí ló dé tá ò gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n mọ̀. Bàbá mi ní, "Ibi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ síwèé la máa gbà, Màmá." Wọ́n ní, "Òǹtẹ̀, kí n tó wọ ilé bàbá mi!"

Mo rí nǹkan kan nígbà tí mò ń wo máàpù. Ẹ̀ka ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tí Kétu wà nínú rẹ̀, Plateau ni wọ́n ń pè é. Láti Plateau la ti ń bọ̀, Plateau náà la ń lọ. Mo sọ ọ́ fún Màmá àgbà, wọ́n ní wọ́n á rí i bóyá ìyẹn náà ní òtútù.

Mo tún ń ka Faransé mi lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ kan mò ń dá sọ "bonjour" ní pálọ̀, Màmá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nílé bàbá wọn, tí mo bá ti kúnlẹ̀, tí mo ní "ẹ kú ilé o," ó ti tán. Ìwé Faransé làwọn ọmọ ibẹ̀ ń kà, bí àwa ṣe ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹ wò ó, ìgbà tí wọ́n bá ń bi wá nínú ilé ìwé yìí pé kí ni Ẹgbẹ́ Yorùbá wà fún, mi ò kì í mọ ohun tí mo máa fi dáhùn. Mo ti mọ ọ̀kan báyìí. Pásípọ́ọ̀tù á mú mi kọjá ní Ìdìrókò, àmọ́ mi ò lè fi í kí ọmọ àbúrò Màmá àgbà.

Nígbà tí mo ka ètò tuntun sókè, Kétu ti gba ọjọ́ mẹ́fà, òkun ò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Màmá àgbà tún ní kí n dúró. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ní, "Òkun yẹn dà? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì ti ẹsẹ̀ bọ omi òkun rí. Kọ ọ́ padà." Bàbá mi wo ìyá mi, ìyá mi wo bàbá mi. Mo kọ ọ́ padà: ọjọ́ kan, Kutonu, nígbà tá a bá ń bọ̀, ká gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Kutonu gbóná, lóru Kejìlá gan-an, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 24. Orúnkún wọn á sinmi.

Lójú ewé tó kẹ́yìn ni àkójọ ẹrù wà. Èmi kọ́ ni mo kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Màmá àgbà ló ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń wí: báàgì orí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ òkè, fún àkọ́bí àbúrò mi.

Ẹ bá wa ṣàdúrà kí ọ̀nà là, ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Tá a bá wọlé ní oṣù Kìíní, mo máa ròyìn fún yín. Ẹ kú ìmúra ọdún.