Láti Kàbà Dé Orí Agéré

Lọ́tẹ̀ yìí, Kàbà ni mo fẹ́ mú yín wá, kí n sì bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó ń gbé ọmọ jáde kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà á gba Ọbájánà kọjá, níbi tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ńlá wà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kọnkéré tó tó kìlómítà 43 ló máa gbé e wọ Kàbà. Trélà ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà, lọ́sàn-án lóru. Bí ẹ bá ti ń súnmọ́ ìlú, ẹ ó rí àwọn òkè àpáta, ẹ ó rí oko iṣu, oko ẹ̀gẹ́ àti kọfí tí àwọn bàbá wa gbìn. Owé ni àwa ará Kàbà. Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa. Gbogbo wa là ń jẹ́ Òkun, nítorí bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn: "Òkun o." Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní páàkì tí ẹ sì gbọ́ ọ, ẹ ti délé wa nìyẹn.

Páàkì yẹn náà ni ọmọ ti ń lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń pe èrò Èkó, èrò Ìlọrin, èrò Abùjá, èrò Kàdúná. Ìyá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á máa ti ọ̀rá gààrí wọlé láti ojú fèrèsé, á sì máa fi ẹnu súre.

Àwọn àgbà wa kì í fojú kékeré wo ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1800 sí òkè, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ń wá kó ènìyàn lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹni sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìlú. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, tí àwọn Núpé tó tẹ̀dó síbẹ̀ sì kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti lọ ṣáájú ò padà mọ́. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà wa fi máa ń bi ọmọ tó bá ń lọ ìrìn àjò pé, "Ta lo ń lọ bá?" kó tó béèrè pé, "Kí lo ń lọ ṣe?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìwé dé, ìwé sì wá di ọ̀nà tí ọkàn wa balẹ̀ sí. Ìyá ta iṣu, bàbá ta kọfí, kí ọmọ lè gba ìwé ẹ̀rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kàbà tipẹ́, láti 2023 a sì ti ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tiwa. Ní ìlú tó fẹ́ràn ìwé tó báyìí, ẹ wá rò ó wò bí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí tán, tó ní òkìtì títa ni òun fẹ́ lọ kọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan láàárín wa nìyẹn ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọkọ àti ìyàwó mú ọmọbìnrin wọn wá sọ́dọ̀ mi, ó ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ bá wa bi Ifá. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ lọ kọ́ sákọ́ọ̀sì lókè òkun." Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀: "Ṣé ká wá máa sọ fún ará àdúgbò pé ọmọ tí a rán lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń tàkìtì gbowó?" Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ni mo fẹ́. Láti kékeré ni ara mi ti mọ̀ ọ́n."

Mo dá Ifá fún wọn. Ohun tí Ifá wí, tiwọn ni, kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ nílẹ̀, mo bá wọn sọ ohun tí ojú mi ti rí àti ohun tí mo mọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, torí ọmọ yìí kọ́ ni yóò kẹ́yìn.

Sákọ́ọ̀sì tí ayé mọ̀ lónìí, ọwọ́ Philip Astley ló ti bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1768. Sójà ẹlẹ́ṣin ni nígbà kan. Ó rí i pé bí ẹṣin bá ń sá yípo nínú agbo, ìyípo náà máa ń ran ẹni tó dúró sẹ́yìn ẹṣin lọ́wọ́ láti má ṣubú. Agbo tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 13 ni wọ́n ń lò, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi atàkìtì, ẹni tó ń rìn lórí okùn àti aláwàdà kún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé òyìnbó ló kọ́ wa ní òkìtì. Ní 1826, Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin sì ní kí wọ́n ṣeré fún un. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn eléégún wọnú àpò, wọ́n jó, wọ́n sì tàkìtì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ejò ńlá kan jáde, wọ́n sì fi eégún òyìnbó kádìí eré, wọ́n ń sín àlejò náà jẹ. Àwọn ọ̀jẹ̀ nìyẹn, àwọn tí à ń pè ní alárìnjó. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń rìn, àmọ́ ojú títì kọ́ ni ọmọ wọn ti ń kọ́ṣẹ́. Inú ilé ọ̀jẹ̀ ni, lábẹ́ ẹni tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òkun níbí ńkọ́? Àwọn ìyá Ofosi wà. Obìnrin tó bá wọ Ofosi á kúrò láàárín ìlú, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ síbi kọ́lọ́fín, wọ́n á kọ́ ọ ní ijó àti èdè tí ẹni tí ò wọ̀ ọ́ kì í gbọ́. Ọjọ́ tó bá jáde, gbogbo ìlú ló ń wò ó. Èmi náà, lẹ́yìn tí mo kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì, ilé olúwo mi ni mo kó lọ. Ẹni tí mo bá kàwé ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì nígbà náà, èmi ń jókòó sórí ẹní. A ti mọ bí ọmọ ṣe ń kúrò nílé lọ kọ́ ohun tí ìwé ò lè kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá yé mi jù ni Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Láti Lomé, ẹ ó rìn tó kìlómítà 160 sápá òkè kí ẹ tó débẹ̀. Ìlú olókè ni bíi tiwa. Àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Aná ń gbé ibẹ̀, ìtàn wọn sì sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá. Nígbà tí mo bá àwọn awo ẹlẹgbẹ́ mi dé ọ̀hún, mo gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, díẹ̀ sì fò mí. Wọ́n ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Tchébé. Àwọn ọkùnrin so igi gígùn mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ga ju òrùlé lọ, wọ́n sì ń jó sí ìlù. Àwa ń pe igi náà ní agéré. Mo rí ọ̀kan tó fi ẹsẹ̀ kan dúró, tó ń ju èkejì káàkiri bí ẹni pé ilẹ̀ ló wà.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wo òkè, ìsàlẹ̀ ni èmi ń wò. Ẹni tó ga jù lọ́jọ́ náà ò dá dìde. Orí ògiri ló jókòó sí, tí àgbà méjì sì ń so igi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n so ó, wọ́n fà á wò, wọ́n tú u, wọ́n tún un so. Àwọn kan tún ń bá a rìn nílẹ̀, wọn ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Nítòsí wọn ni àwọn ọmọdé wà lórí agéré kékeré tí ò ga ju orúnkún lọ, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dìde.

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ mọ̀ pé agéré náà là ń pe ohun tí à ń kó ikin sí. Agbẹ́gilére á gbẹ́ obìnrin tàbí ẹlẹ́ṣin sísàlẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò gbé ikin sókè kúrò nílẹ̀. Ohun tó bá wà lókè, ohun kan ló gbé e. Ohun tí mo sọ fún bàbá ọmọ náà nìyẹn. Mo ní òkìtì kọ́ ló yẹ kó bà á lẹ́rù. Kó béèrè ẹni tó máa so igi mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Mo sọ fún wọn nípa Conakry, ní ilẹ̀ Guinea. Wọ́n dá Circus Baobab sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1998. Yamoussa Bangoura, ọmọ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ òkìtì lórí iyanrìn etí òkun. Ó wọ Circus Baobab, ó ti ibẹ̀ dé Montréal ní Kánádà, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Kalabanté, sílẹ̀ ní 2007. Kò gbàgbé ilé. Ó tún ṣe ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ní Guinea. Ní Montréal yẹn náà ni ilé ìwé sákọ́ọ̀sì kan ti wà láti 1981, tí ọmọ ò lè wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dán ara rẹ̀ wò. Ní agbègbè Québec níbẹ̀, ní 1980, Gilles Ste-Croix gun agéré láti Baie-Saint-Paul dé ìlú Québec, nǹkan bíi kìlómítà 90, láti fi wá owó fún ẹgbẹ́ eré wọn. Àfi bí ẹni gun agéré láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà láàárín trélà! Inú ẹgbẹ́ wọn yẹn ni Cirque du Soleil ti jáde ní 1984.

Bàbá ọmọ gbọ́, ó mi orí. Ìyá ní, "Bó bá ṣẹ́ lápá ńkọ́?" Ìbéèrè tó yẹ kí ìyá béèrè nìyẹn. Eegun máa ń ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ara kì í sì í pẹ́ kó tó máa rẹ̀. Torí náà, kí ọmọ yín tó lọ, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí. Ta ni olùkọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣé ẹ ti rí ẹni tó kọ́ yanjú lọ́dọ̀ rẹ̀? Ta ni yóò sanwó ilé ìwòsàn? Ta ni yóò tọ́jú páásípọ́ọ̀tù? Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa bá a tọ́jú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó mú ọmọ yín kọjá páàkì. Àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèlérí ijó àti eré; torí wọn ni ìjọba ṣe dá NAPTIP sílẹ̀ ní 2003, ẹ lè lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì béèrè ohun tí ọmọ á máa ṣe nígbà tó bá lé lógójì ọdún. Ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í jẹrà. Kó wà nínú àpótí nílé.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ adúláwọ̀ nítòsí ló fẹ́ lọ, àdéhùn ECOWAS ti 1979 jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè fi páásípọ́ọ̀tù wọ Tógò tàbí Guinea fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ìyẹn tó láti lọ wo ojú olùkọ́, kí ọmọ sì padà wá sọ ohun tó rí.

Mo rán wọn létí Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà. Ní kékeré, ó bá àwọn eléégún alárìnjó ṣeré. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ fún tíátà. Ní 1947 ó lọ sí London, ó kọ́ ijó àwọn ará ibẹ̀, ó sì kó o bọ̀ wá sínú eré Yorùbá. Ta ló ń bi í mọ́ lónìí pé kí ló dé tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀?

Bàbá náà ò tíì gbà tán. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn olùkọ́ náà fúnra òun. Ìyá ti ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ fún páásípọ́ọ̀tù, ó ní kí n má tíì sọ fún ọkọ òun. Nígbà tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ wọn, á ti gbọ́. Ọmọ náà wà nílé. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ó máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ síbi iyanrìn tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ nítòsí ilé wọn, á máa kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa kó tó kọ́ wọn ní bí a ṣe ń fò. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo dúró wò wọ́n. Bí ọmọ kan bá fẹ́ tàkìtì, méjì á dúró lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á na ọwọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má lé e síta, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ na ọwọ́. Ọmọ tí ilé na ọwọ́ sí mọ ibi tó máa padà sí. Kí Ọ̀rúnmìlà ṣọ́ àlọ wọn, kó ṣọ́ àbọ̀ wọn. Òkun o.