Ta Ni Yóò Bomi Rin Ín?

Bí ooru bá mú ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ohùn mẹ́ta ni a máa ń gbọ́: òpin ayé ló dé, èéfín àwọn òyìnbó ni, ooru ti wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Òótọ́ ni pé ọdún 2024 gbóná ju gbogbo ọdún tí a tíì wọ̀n lọ, àti pé díẹ̀ ni ti Áfíríkà nínú èéfín tó fà á. Ṣùgbọ́n ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ kí a káwọ́ gbera.

Láti ọdún 1985 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbíngbìn. Òjò ni ó ń tọ́ igi ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dán an wò. Bí ọyẹ́ bá dé, ta ni nínú wa yóò bomi rin ín?