Igún Ni Tàbí Awòdì? Ohun Tí A Rí Létí Odò Ògùn ní Mile 12

Ẹni tó bá dé ọjà Mile 12 ní ìdájí yóò rò pé gbogbo ayé ló ti péjọ síbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya á ti tò lọ bẹẹrẹ, àwọn alábàárù á máa pariwo pé kí èèyàn yà lọ́nà, àwọn ìyá wa láti Kétu àti Ìkòsí á sì ti máa ná ọjà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gba ẹ̀yìn lọ síhà odò Ògùn, ariwo á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbàtà, oko ẹ̀fọ́ àti omi ni yóò máa rí, pẹ̀lú àwọn lékèélékèé tó funfun báláú láàárín ewéko. Ibẹ̀ ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa.

Bàbá wa àgbà ń gbé pẹ̀lú wa ní Ìkòsí. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, igún kì í wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pa màlúù, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ti fojú kan ẹyọ kan gbẹ̀yìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Igún kékeré tó wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìlú wa, tí orí rẹ̀ pá tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ni àwọn onímọ̀ àgbáyé kà ní ọdún 2015 mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu tó le jù lọ pé wọ́n lè parẹ́. Májèlé wà lára ohun tó fà á, àti bí àwọn èèyàn ṣe ń pa wọ́n tà fún oògùn.

Ní àsìkò ọyẹ́, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, sáré wọlé láti orí òkè ilé. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó! Igún ló ń fò lókè odò!" Bàbá jáde, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú mi ti di ojú àgbà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, awòdì ni." Ọmọ kò gbà. Àwa òbí rẹ̀ pàápàá, ká má purọ́, igún ni a fẹ́ kó jẹ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni a fi ń jẹun, a sì ní lẹ́ǹsì zoom gígùn kan tó lọ láti 100 dé 400. Síbẹ̀, ẹyẹ náà kò ju bí eṣinṣin lọ nínú àwòrán. Ni a bá kó owó tí a ti ń tù jọ láti ọjọ́ pípẹ́, a fi ra ohun tí wọ́n ń pè ní teleconverter. Ohun kékeré roboto ni, tó ní dígí nínú, tí a máa ń fi sí àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Oní-1.4 á sọ lẹ́ǹsì 400 di 560, oní-2 á sì sọ ọ́ di 800. Oní-2 ni a rà, nítorí ojú ń kán wa.

Ohun tí a kò rò dáadáa ni ohun tí irinṣẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Oní-1.4 máa ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà kù sí ìdajì. Oní-2 máa ń dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́ǹsì wa tó jẹ́ f/5.6 nígbà tó bá nà tán di f/11. Bí a bá fẹ́ kí kámẹ́rà yára tó ti tẹ́lẹ̀, a ní láti gbé ISO láti 400 lọ sí 1600, àwòrán á sì máa ní hóró bí iyanrìn. Lẹ́yìn èyí, teleconverter kì í fi ohunkóhun kún ohun tí lẹ́ǹsì rí. Ó kàn ń fẹ̀ ẹ́ ni. Bí lẹ́ǹsì bá ní àbùkù, á fẹ àbùkù náà. Bí eruku ọyẹ́ bá wà láàárín ẹni àti ẹyẹ, á fẹ eruku náà pẹ̀lú.

A gun òkè ilé lọ́sàn-án gangan. Kámẹ́rà wa ayé àtijọ́ ni, èyí tó ní dígí nínú. Ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í lè fúnra rẹ̀ mú ojú àwòrán gún kọjá f/8. Ọwọ́ ni a fi ń yí lẹ́ǹsì. Nígbà tí a wo àwòrán, ẹyẹ ti tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ohun tí a rí láàárín èéfín. Ọmọ wa ní, "Ẹ ò rí i bí orí rẹ̀ ṣe pá?" Àwa náà wò ó, a sì rí orí tó pá. A ti ń múra láti fi ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, níbi tí àwọn èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè wa ti ń kọ àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí wọ́n rí àti ibi tí wọ́n ti rí i. Bàbá gba àwòrán náà wò, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Ẹyẹ tó wà lọ́kàn yín ni ẹ rí níbẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ ká sùn dáadáa. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a mú ọmọ wa dání, a lọ sétí odò, a sì bẹ apẹja kan kó fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé wa. Bó ṣe ń wà á, ó ń fi ibi tí omi gùn dé hàn wá. Odò Ògùn yìí náà ló ya wọ ilé àwọn èèyàn ní Kétu àti Ajégúnlẹ̀ ní oṣù October ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán.

Kò pẹ́ tí a fi rí ẹyẹ náà lórí igi gbígbẹ kan, nítòsí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ó tó mítà 80 sí wa. Ọmọ fẹ́ fi teleconverter sí i, a ní kó fi í sínú àpò. Bí èèyàn bá sún láti mítà 80 dé 40, ẹyẹ á tóbi ní ìlọ́po 2, gẹ́gẹ́ bí oní-2 ṣe ń ṣe, láìpàdánù ìmọ́lẹ̀ kankan, eruku tó wà láàárín á sì dín kù. A jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn wa. A ò sọ̀rọ̀. Apẹja ń tì wá lọ jẹ́jẹ́, ó ń dúró, ó tún ń tì wá. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí a dé ìwọ̀n mítà 40, ọmọ wa ya àwòrán mẹ́fà.

Gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Ìyẹ́ bo orí ẹyẹ náà. Ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹyin adìyẹ. Nígbà tó sì fò, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí ìrù ẹja. Ìrù igún kì í là bẹ́ẹ̀. Awòdì ni.

Ọmọ wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó kúnlẹ̀—bẹ́ẹ̀ ni, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì—ó fi àwòrán náà han Bàbá. Wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní, "Ìwọ lo yà á, ìwọ lo mọ̀ ọ́n báyìí. Tèmi, mo kàn rò ó ni."

Ẹ̀yin tó ní irú irinṣẹ́ yìí, a kò sọ pé kí ẹ jù ú nù. A ti pààrọ̀ tiwa sí oní-1.4, ó sì ń wúlò níbi tí omi tàbí ẹrẹ̀ kò bá jẹ́ ká sún mọ́ ẹyẹ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá lẹ́ǹsì yín lè gbà á, nítorí dígí ẹ̀yìn àwọn kan máa ń kọlu dígí rẹ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ooru ilẹ̀ tó máa mú afẹ́fẹ́ gbọ̀n. Ẹ fi zoom wá ẹyẹ láti 100, kí ẹ tó nà án jáde. Bí ó bá wà lórí ìtẹ́, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn.

A ti pa àwòrán orí òkè ilé yẹn rẹ́. Awòdì ni ọmọ wa kọ sínú ìwé rẹ̀, òun náà ni a sì fi ránṣẹ́. Bàbá ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Bí igún bá dé àdúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́ kí ẹ tó pè é lórúkọ. Bó bá sì jẹ́ òun lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́, nítorí àwọn kan wà ní Ìkòsí tó ń retí rẹ̀.