Àlejò Etí Òkun: Ìgbé Ayé Ìdílé Yorùbá Kan ní Hastings

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò bú àlejò rárá. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ ìlú. Ẹsẹ̀, etí àti ahọ́n gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìtàn Lọ́ńdọ̀nù ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé ìlú kéékèèké etí òkun, níbi tí ènìyàn lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má gbọ́ "ẹ kú ọ̀sán" lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Hastings, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye ènìyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bí 90,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò rántí orúkọ yìí nítorí ogun ọdún 1066, nígbà tí William ará Normandy ṣẹ́gun Ọba Harold. Kì í ṣe inú ìlú náà gan-an ni wọ́n ti jà, bí kò ṣe ibi tí wọ́n ń pè ní Battle lónìí, tí kò jìnnà púpọ̀ sí i.

Ní ọdún 2022 ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn gbé nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dé Hastings. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, ìbejì ọlọ́dún 6, lọ bá a. Àsìkò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba kò gbà mọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó àti aláìlera kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ wọn dání. Òfin yẹn kò kan àwọn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó pín sí méjì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ya Ìyá Ìbejì lẹ́nu ni etí òkun náà. Kì í ṣe iyanrìn rírọ̀ bíi ti Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó kún ibẹ̀ bámúbámú, tí ó máa ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ bí ìgbì bá ti ń fà á sẹ́yìn. Omi òkun ibẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí ó kún àti ìgbà tí ó fà sì lè ju mítà 6 lọ nígbà mìíràn. Bí ó bá fà gan-an, egungun ọkọ̀ Amsterdam, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Họ́láńdì tí ó rì sínú ẹrẹ̀ ní ọdún 1749, a máa yọ jáde ní Bulverhythe, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ìlà Oòrùn Ayé ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, kò sì dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀ kò lè wo igi dúdú wọ̀nyẹn kí ó má ronú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó mú ara rẹ̀ balẹ̀: àwọn apẹja. Kò sí èbúté tí wọ́n lè so ọkọ̀ wọn mọ́ ní Hastings, nítorí náà orí òkúta ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ ìpẹja gòkè sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìlàjẹ ti ń wọ́ ọkọ̀ wọn gorí iyanrìn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ilé pákó dúdú gíga wà, tí wọ́n ń kó àwọ̀n àti okùn pamọ́ sí láti ayébáyé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò ní ṣi ẹja mọ̀. Ìyá Ìbejì mọ èyí tí ojú rẹ̀ ń dán, ó mọ èyí tí ó ti sùn. Nígbà tí ó ní kí ontajà má ṣe gé orí ẹja sọnù, onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú orí ẹja dè é. Ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí ó ní nílùú náà nìyẹn. Ẹja ni ó fà á, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdílé náà kọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀kólẹ̀ ń kó ìdọ̀tí àti ọjọ́ tí ó ń kó páálí àti ike. Wọ́n kọ́ pé bí a bá gbé àpò ìdọ̀tí síta lálẹ́ láìbò ó, àwọn ẹyẹ òkun yóò ti tú u ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n kọ́ bí a ti ń san owó-orí ilé fún káńsù, àti bí a ti ń ṣọ́ mítà gáàsì nígbà òtútù. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá, tí oòrùn sì ń dúró títí kọjá aago 9 alẹ́ nínú oṣù Kẹfà. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ òjò àti afẹ́fẹ́ ni ìkíni àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn rẹ̀ dà bí ẹni tí a kí tí kò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ṣòro jù. Ní ilé ìwòsàn, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní kí nọ́ọ̀sì máa pe òun ní orúkọ àbísọ. Ó gbìyànjú, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa pè yín ní Màmá." Ìyá náà gbà, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí kò bí ọmọ. Kì í ṣe gbogbo ìwà ilé ni a ń bọ́ sí ẹnu odi. Àwọn kan wúlò níbi tí a dé.

Ṣùgbọ́n ewu kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. Ní Sátidé kan, ìyá ọkọ rẹ̀ pè wọ́n láti Ẹ̀pẹ́. Ó kí àwọn ìbejì, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi dá a lóhùn. Màmá dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó mi, kí ni àwọn ọkọ mi ń wí?" Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ má bínú, Màmá, wọ́n ní àlàáfíà ni àwọn wà." Ọdún méjì péré ni wọ́n tíì lò. Ọmọ ti ń fẹ́ ògbufọ̀ kí ó tó lè bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìtàn ti kọ́ wa ní ibi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Láti àárín àwọn ọdún 1950 lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ kàwé, fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex. Wọ́n a máa polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára àwọn ọmọ náà, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú fíìmù Farming ní ọdún 2018. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kò kórìíra ọmọ wọn. Iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó padà wá di àlejò lójú ẹni tí ó bí wọn.

Bàbá Ìbejì, tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ló dá òfin kan sílẹ̀: nídìí oúnjẹ, Yorùbá nìkan. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìsọ̀rọ̀. Òfin nìkan kò tó. Ìyá wọn ló wá ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá rìn létí òkun ní ọjọ́ Àìkú, ohunkóhun tí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò pe Màmá láti bi í. Kí ni à ń pè é nígbà tí omi bá ń lọ? Màmá ní, "Omi ń fà." Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ ńkọ́? "Omi ń kún." Màmá di olùkọ́, àwọn ìbejì di akẹ́kọ̀ọ́, owó ìpè sì di owó ilé ìwé. Wọn kò tíì sọ ọ́ já gaara. Ohùn ọ̀rọ̀ ṣì ń yẹ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ògbufọ̀ mọ́ láti kí i.

Ìdílé náà kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba gbé àbá jáde pé kí ọdún 5 tí òṣìṣẹ́ àlejò máa ń lò kí ó tó gba ìwé ìgbélùú títí láé di 10 fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ṣùgbọ́n John Logie Baird náà, ará Skọ́tílándì, àlejò ni ó jẹ́ ní Hastings nígbà tí ó wá wá ìlera síbẹ̀ ní ọdún 1923, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán tẹlifíṣọ̀n wò. Ní ọdún 1959, Ìbàdàn ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Iṣẹ́ tí àlejò ṣe nínú yàrá àyágbé dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a rí kọ́ nìyí: mímọ ìlú tí a dé kò ní kí a gbàgbé èyí tí a ti wá. Orí ẹja kan náà ni, bóyá Ẹ̀pẹ́ ni a ti sè é tàbí Hastings. Èdè ni kò ní ontajà tí yóò tọ́jú rẹ̀ dè wá. Àfi kí àwa fúnra wa máa sọ ọ́ sí ọmọ létí, kí omi tó fà á lọ.