Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nílẹ̀ Òtútù

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń túmọ̀ òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. N kò mọ̀ pé òwe náà ní ilẹ̀ tirẹ̀ títí ọmọbìnrin mi fi kó lọ sí Gainesville, ní àríwá ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà.

Ooru ìlú náà nínú oṣù Keje kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, èyí ló sì tàn mí jẹ. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òru mélòó kan a máa wà tí ìrì yóò dì sórí koríko kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ó béèrè lọ́wọ́ mi ní ọdún 2021 pé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ni kí òun gbìn sẹ́yìnkùlé, èmi ọ̀mọ̀wé dáhùn láìronú pé àgbagbà ni. Ó ra irú èyí tí àwọn ará Cuba máa ń sè ní Miami, ó gbìn ín, ó sì hù dáadáa. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní, ewé rẹ̀ dúdú bí ohun tí iná jó, ìtì rẹ̀ sì jẹrà.

Mo fi òwe mi tù ú nínú lórí tẹlifóònù. Lóòótọ́, ọmọ yọ nínú oṣù Kẹta. Ó dàgbà, ó ga. Ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 2022, òtútù líle bo gbogbo agbègbè náà, ó sì tún pa á. Mo tún ṣí ẹnu láti pa òwe, ni ọmọ mi bá dá mi lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé: "Bàbá mi, ẹ má bínú o. Ọmọ ń rọ́pò ìyá lọ́dọọdún níhìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó so nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé n kò rí èsì fún un. Mo tọ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí à ń pè ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi rárá. Ìdí ewé ló wé mọ́ra wọn. Láti inú ilẹ̀ ni òdòdó ti ń gbéra, tí yóò gba àárín ìtì náà kọjá kí ó tó yọ sókè. Bí òtútù bá pa ìtì, ọ̀nà òdòdó ti dí nìyẹn, ọmọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì máa lo oṣù 9 sí 15 kí ó tó yọ òdòdó. Òtútù Gainesville kì í fún un ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe èyí tó dùn jù ló yẹ kí n wá, bí kò ṣe èyí tí ìtì rẹ̀ yóò la òru òtútù já.

Baba ńlá méjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ ní: Musa acuminata, tí òtútù tètè ń mú, àti Musa balbisiana, tí ó lè fara da òtútù àti ọ̀dá. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ àgbagbà sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín kan péré ni ti balbisiana. Ìpín méjì ló ní nínú Namwah, tí àwọn ará Thailand fẹ́ràn, àti nínú Orinoco, tí ó ti pẹ́ nínú ọgbà àwọn ará Florida. Raja Puri, ti ilẹ̀ Íńdíà, kúrú, ó sì máa ń tètè so. Ẹnìkan dárúkọ Musa basjoo: bí a bá bo ìdí rẹ̀ dáadáa, òtútù tó le ju ti Florida lọ kò lè pa á, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ṣe é jẹ. Kí ni a fẹ́ fi irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí a máa wò ó?

Namwah kúkúrú ni a mú ní ọdún 2023, kí ọmọ mi lè máa fi ìbora àtijọ́ wé ìtì rẹ̀ láìgun àkàbà. Ó gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù, níbi tí bíríkì ti ń pa oòrùn ọ̀sán mọ́ di òru, ó sì kó koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ìrì dídì jó ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtì dúró.

Mo dé ibẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gbó. Ọmọ mi fi díẹ̀ nínú rẹ̀ din dòdò. Kì í ṣe àgbagbà. Ó rọ̀ jù, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ àwo méjì. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó mú ọ̀bẹ tí ó fi ń gé búrẹ́dì, ó gé ìyá náà lulẹ̀; ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò kúkú tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ọmọ mẹ́rin ló yí ìdí rẹ̀ ká. Ó ní kí n yan èyí tí yóò rọ́pò. Mo ní kí ó yàn án fúnra rẹ̀.