Fìtílà Iwájú Ọkọ̀: Láti Ko-Koumolou dé Pobè

Ko-Koumolou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tí ó para pọ̀ di Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa, ilẹ̀ ọ̀pẹ sì ni. Yorùbá àti Gùn ni etí ń gbọ́ ní ọjà, Faransé ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, náírà àti sẹ́fà sì jọ ń yí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Àlejò tí ó bá wá síbẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn zemidjan ni yóò jókòó sí. Ìgò epo kpayo ni yóò sì máa rí lórí tábìlì létí ọ̀nà. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ọkọ̀ ojú irin ti fọn fèrè ní agbègbè yìí rí, àfi bí ó bá fetí sí orúkọ àwọn abúlé. Nínú Ìfọ̀nyìn kan náà, ní Banigbé, abúlé kan wà tí à ń pè ní Banigbé-Gare. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé mọ̀ pé ibùdókọ̀ ojú irin ni gare. Ọkọ̀ ti lọ, orúkọ kò bá a lọ.

Àwọn Faransé tí ń ṣàkóso Dahomey ni wọ́n la ọ̀nà irin náà. Ní ọdún 1907, ó ti Àjàṣẹ́ dé Ṣakẹ́tẹ́. Ní ọdún 1913, ó dé Pobè. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí a so ó mọ́ Kútọnu tán, ó jẹ́ kìlómítà 107 láti Kútọnu dé Pobè. Àbúrò ni sí ọ̀nà ńlá tí a bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní ọdún 1900, tí ó dé Parakou ní ọdún 1936 lẹ́yìn kìlómítà 438. Mítà kan gééré ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì. Ní òdìkejì ààlà, níbi tí àwọn ẹbí wa ń gbé, ọ̀nà irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 fẹ̀ ju tiwa lọ ní mìlímítà 67. Bí ọ̀nà méjèèjì bá tilẹ̀ pàdé ní Ìgòlò, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tibí kì bá tí lè rìn lórí irin tọ̀hún. Èdè kan náà ni à ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pín wa kò fi ọ̀pá kan náà wọn ilẹ̀.

Mo mẹ́nu ba ìwọ̀n wọ̀nyí nítorí pé ìwọ̀n ni ó gbé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ Ko-Koumolou tí ó wà ní kíláàsì quatrième, dìde láti ṣe orí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí àgbàlagbà ń náwó lé ni èyí. Wọ́n ń ta ọkọ̀ kéékèèké tí ọ̀kan nínú 87 ti gidi ni wọ́n, ẹni tí ó rà á á sì tún jókòó tì í láti fi àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kún un: irin ìdìmú, àtẹ̀gùn, fìtílà, ìkọ́ tí ń so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀. Kò sí ìsọ̀ tí ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe iṣẹ́ náà ní àjèjì. Àwọn agbẹ́gilére wa ti ń gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú sí orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tipẹ́tipẹ́, ẹni tí ó bá sì dúró ti eléré náà yóò rí i pé kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà pé, ọwọ́ rẹ̀ sì pé.

Ọmọ náà yan ọ̀kan nínú ogún gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tirẹ̀. Mítà kan di sẹ̀ǹtímítà 5. Ènìyàn tí ó ga ní mítà 1,70 di sẹ̀ǹtímítà 8,5. Àní ìyàtọ̀ mìlímítà 67 tí ó ya tiwa kúrò lára ti Èkó, ó ju mìlímítà mẹ́ta lọ díẹ̀ ni. Agolo tòmátì mẹ́ta tí ó tò mọ́ra ni ó fi ṣe àgbá omi gbígbóná, ọ̀pá ògùrọ̀ ni ó fi ṣe ilé awakọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì gbígbó ni ó gé ṣe ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti parí. Ó kùn ún ní dúdú, ó ń dán gbinrin. Ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ni, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ pé tiwa ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a gbé agolo náà sínú àpò, a mú ìwé àti pẹ́ńsù, a sì tọ ipa ọ̀nà irin náà lọ: Banigbé-Gare, Ṣakẹ́tẹ́, títí dé Pobè. Lọ́dọ̀ bàbá àkọ́kọ́, a gbọ́ pé ọkọ̀ náà ń jẹ iná, ó ń mu omi, èéfín rẹ̀ sì ń ba aṣọ sísá jẹ́. Bàbá kejì ní irọ́ ni, pé gáàsì ni ó ń lò, kò sì ní èéfín tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wojú mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ọjọ́ orí wọn ni kò dọ́gba. Ọkọ̀ elééfín ni ó kọ́kọ́ wá, ti gáàsì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe ère ọkọ̀ kò lè ṣe ti gbogbo ìgbà pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mú àkókò kan. Ọmọ náà mú ti elééfín.

Ní Ṣakẹ́tẹ́, ìyá àgbà kan gba ọkọ̀ náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní: “Ọmọ mi, fìtílà rẹ̀ dà? Fìtílà yẹn ni àwa tí a di ẹrù kalẹ̀ fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ibo sì ni ọmọ iṣẹ́ awakọ̀ yóò dì mú, tí yóò fi yọ orí síta lé àwọn ọmọdé kúrò lójú irin?” Ó fi ìka pa agolo dídán náà, ó rẹ́rìn-ín. “Èyí mọ́ jù. Èmi kò rí i kí ó mọ́ báyìí rí.”

Ìbéèrè ìyá yẹn ni ọmọ náà gbé lọ sílé. Irin ìdìmú tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 di wáyà mìlímítà 1,5. Ó rí èyí tí ó bá a mu lára egungun agbòòrùn tí ó ti fọ́. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni ó gé e, nítorí wáyà tí a gé kí a tó tẹ̀ ẹ́ kì í gùn tó mọ́. Abẹ́rẹ́ gbígbóná ni ó fi lu ihò sára ọ̀pá ògùrọ̀ kí ó má baà là. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tí ó ti kú, tí ó gbé sínú ìdérí ìgò, di fìtílà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá kan ìdọ̀tí, ìdọ̀tí sì ní àyè tirẹ̀: ó po lúbúlúbú èédú mọ́ ògì, ó fi pa ẹnu ihò èéfín, ó kan òróró díẹ̀ sí ìdí ẹsẹ̀, ó sì bu erùpẹ̀ pupa Ko-Koumolou, ó fẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò jẹ́ kí ó gun òkè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí oṣù parí, ọkọ̀ náà ti di ará ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Ìwé yóò sọ ọdún àti kìlómítà fún yín. Ìwé kì í sọ ibi tí ọwọ́ ti ń di ọkọ̀ mú, tàbí ohun tí ojú oníṣòwò kọ́kọ́ ń rí nínú òkùnkùn. Lọ́dọ̀ àwọn tí ó wọ ọkọ̀ náà ni ó wà, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá béèrè nípa ọkọ̀ náà lápapọ̀, “ó dára, ó yára” ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n gbé agolo tí fìtílà rẹ̀ kò sí lé wọn lọ́wọ́, ẹ ó rí i bí ọ̀rọ̀ yóò ti tú jáde.

Lórí pẹpẹ kíláàsì wa ni ọkọ̀ náà wà báyìí. Lára ilé awakọ̀, àyè pẹlẹbẹ kékeré kan ṣófo níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà ọkọ̀ wà. Nínú gbogbo àwọn tí a bi, kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀, ọmọ náà sì kọ̀ láti dá ọ̀kan sílẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní àwòrán àtijọ́ nínú àpótí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ó wò ó dáadáa kí ó tó dá a padà síbẹ̀.