Tọ́kì inú fíríìsà

Àríyá díẹ̀ ló kù ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí tọ́kì kì í yọjú lórí ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 20 ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìyẹ àti tọ́kì dídì wọ Nàìjíríà. Kútọnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé e gba agbègbè Ìdìròkò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà.

Kò sí aláyẹ̀wò kankan tó rí irú ẹran bẹ́ẹ̀. Yìnyín rẹ̀ lè yọ́ lójú ọ̀nà kí wọ́n tún un dì. Dídì kì í pa gbogbo kòkòrò salmonella tó ń fa àìsàn. Bí ẹran bá sì yọ́ nínú ooru, ńṣe ni kòkòrò ọ̀hún ń pọ̀ sí i.

Àwọn èbúté Nàìjíríà gan-an ńkọ́? Lọ́dún 2011, ìjọba ní kí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ àti oògùn, kúrò níbẹ̀, nítorí kí ẹrù lè tètè jáde. Ọdún 2018 ni wọ́n tó padà. Àṣìṣe ńlá gbáà ni bí ìjọba ṣe ní kí wọ́n kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹran, ẹ máa béèrè ibi tó ti wá. Àwọn tó ń sin adìyẹ wà ní Rẹ́mọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí.